Ìbéèrè Tí Kò Rẹ Ohùn Sílẹ̀

Yàrá náà wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn Aṣùbíarò,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ ibùsùn.
Àga mẹ́ta. Ọ̀kan yarọ,
bébà ni wọ́n ká, tí wọ́n fi tì í lẹ́sẹ̀.
Orí rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí,
torí èmi náà ò dúró dáadáa.

Aago mẹ́wàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Mo ti di etí mi de ìwàásù.
Wọ́n ti fi omi àdúrà wẹ̀ mí l'Ókè-Baálẹ̀,
wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so mí mọ́ òpó n'Íkìrun,
bàbá mi ti pè mí lórúkọ tí kò sọ mí.
Ọjọ́ tí wọ́n tú mi sílẹ̀,
ẹsẹ̀ mi nìkan ló mọ ọ̀nà ilé ẹni tó ń ta hóró.

Ìyáàfin Ọ̀jẹ́wùmí ò wàásù.
Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún létí ìró,
ó ní, "Múkáílà, kí ni hóró yẹn ń bá ọ ṣe?"
Èmi tí gbogbo ayé ń bi pé kí ló dé tí n ò fi í sílẹ̀!
Kò sẹ́ni tó bi mí rí, ohun tó ń bá mi ṣe.
Mo ní: ó ń jẹ́ kí n sùn.
Mo ní: bí mo bá pajú dé, Kàmórù ni mò ń rí,
ọmọ iṣẹ́ mi, lábẹ́ tírélà tí èmi gbé sórí jáàkì.
Jáàkì yẹn yẹ̀.

Fáànù ń ké lókè orí wa.
Ìgbà náà ló wá bèèrè,
kò rẹ ohùn sílẹ̀, kò wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn,
bí ẹni ń bi mí bóyá mo ti jẹun:
"Ṣé ò ń gbèrò àtipa ara rẹ?"

Mo ti rò pé bí ẹnu bá pe ọ̀rọ̀ yẹn, àjà á wó.
Àjà ò wó.
Ẹnìkan ń gbọn aṣọ ibùsùn níta, pà, pà.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Mo ní, ṣebí ikú yá ju ẹ̀sín.
Ó ní, "Ẹni tó pa òwe yẹn,
ṣé ó ti kú kó tó wá pa á fún wa?"
Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.
Ẹ̀rín yẹn bà mí lẹ́rù ju ẹkún lọ.

Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé:
bí èrò náà bá dé, ta ni màá kọ́kọ́ pè?
Sìdíkátù, ẹ̀gbọ́n mi, n'Ígbòná, ì báà jẹ́ òru.
Bí kò bá gbé e? Bàbá Láísì, tí kì í sùn tán.
Bí òun náà ò bá sí? Nọ́ńbà tirẹ̀ ló fi dí àlàfo.
Ohun tó lè ṣe mí léṣe nínú yàrá mi,
Sìdíkátù ti kó o lọ.
Kí ló kù tí mo ṣì fẹ́ rí?
Ibẹ̀ ni gègé dúró sí. Ó pẹ́.
Mo kọ: ọmọ Sìdíkátù, tó ń pè mí ní Búọ̀dá Táyà.

Aláró ni ìyá àgbà mi,
ní Òṣogbo tí aró ṣe dẹ̀dẹ̀ bí òkùnkùn.
Mo ní èmi náà ti mu aró yó, ta ni yóò fọ̀ mí?
Ó ní òun ò ṣèlérí funfun.
"Ibi tí wọ́n bá fi ìkó dì, ṣé aró ń wọ ibẹ̀?"
Kì í wọ ibẹ̀.
"Ibẹ̀ la óò ti bẹ̀rẹ̀."

Lọ́sẹ̀ keje, mo ṣubú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko.
Mo wọlé tojú-tojú, mo ń retí igbe.
Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀? Kí lo ti jẹ? Ta lo bá jà?
Bí mẹkáníìkì tó ń wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò,
tí kì í bú ọkọ̀.
Ó ní òùngbẹ yẹn, bí Ọ̀ṣun lóṣù kẹsàn-án ni,
á kún, á tún fà; kí n sáà dúró létí bèbè.
Mo fi aago wò ó: ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

N ò tíì máa sùn dáadáa.
Kàmórù ṣì ń wá. Lálẹ́ àná ó kàn jókòó, kò sọ nǹkan kan.
Bí Ìṣẹ́gun bá dé, mo fẹ́ mú òòlù dání
àti ìṣó mẹ́rin,
kí n kan ẹsẹ̀ àga yẹn.