Ẹyọ Owó Inú Ẹ̀rọ Keje

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìmáṣọgbẹ keje dákẹ́ lójijì
ni Zygmunt alátùn-únṣe tú ikùn rẹ̀ palẹ̀.
Ó ní, "Bronka, wá wo ohun tó há a lọ́fun."
Bọ́tìnì mẹ́rin, ìyarun ọmọdé kan tó ti yọ́,
àti ẹyọ owó sẹ́ǹtì márùndínlọ́gbọ̀n
tí etí rẹ̀ ká sókè bí etí àwo.
Orí tó wà lára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Mo ní orí tèmi ti ṣe é.
Ilé ìfọṣọ ni mo ní ní Scranton, èmi opó;
yìnyín Oṣù Kejì ń gun ojú fèrèsé,
owó iná ń jẹ èrè, ó tún ń lá àwo.
Mo sì ti gbọ́ pé owó tí òǹtẹ̀ bá ṣìnà lórí rẹ̀
a máa di ọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n wò.
Ẹ ò rí ayé?
Kí èmi lọ aṣọ kó jó, oníbàárà á bú mi;
kí ìjọba tẹ owó kó wọ́, wọn a máa dù ú rà.

Mo fi áńkáṣífù wé e, mo gbọ̀nà ọ̀dọ̀ Devaney,
àgbàlagbà tí awò kékeré kan kì í kúrò lójú rẹ̀.
Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé e sórí ìwọ̀n.
Ó yí i. Ó tún un yí. Ó mí kanlẹ̀.
"Àṣìṣe ọ̀tọ̀, ọgbẹ́ ọ̀tọ̀, ìyáàfin.
Èyí tí a bí mọ́ owó là ń rà.
Régé ni òǹtẹ̀ bà lé èyí.
Inú ẹ̀rọ rẹ ló ti ń yí gbirigbiri,
tí irin ń gbá a létí lójoojúmọ́,
títí etí fi ká."

Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó fi òmíràn hàn mí.
"Wo lẹ́tà yìí, bó ti pín ní ṣóńṣó
bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀.
Òǹtẹ̀ gan-an ló ti ní ojú méjì
kó tó fẹnu kan irin.
Ṣùgbọ́n bí ìlọ́po bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ̀gùn,
òǹtẹ̀ kàn gbọ̀n ni; má náwó sí i.
Má sì fọ̀ wọ́n láéláé.
Ẹni tó fọ owó àtijọ́ ti fọ iye rẹ̀ dànù."
Obìnrin tó ń fi fífọ̀ jẹun ló ń sọ ọ́ fún!

"Èló wá ni tèmi?"
"Sẹ́ǹtì márùndínlọ́gbọ̀n,
bí o bá rí ẹni gbà á."

Mo délé, mo tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ kìíní.
Ẹ̀rọ tu ú jáde. Mo lọ sí ìkejì, ó tu ú.
Ẹ̀rọ méjìlá, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n mọ́,
títí kan ìkeje tó wò ó dàgbà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti tilẹ̀kùn,
mo ń da owó ọjọ́ sórí tábìlì, mo ń fi awò wò ó.
Mo ti rí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan:
àádọ́rùn-ún dọ́là. Zygmunt ló gba púpọ̀ nínú rẹ̀.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbà wà nínú ife tíì Ignacy.
Alẹ́ àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọdún ara rẹ̀,
ìka ni mo fi kà á, ojú kò tó o:
ọdún tí a ra ẹ̀rọ náà.
Ọkọ mi a máa jí lóru nígbà náà, á ní,
"Nǹkan kan ń dún kẹ́kẹ́ nínú ìkeje."
Èmi á ní kó sùn, etí rẹ̀ ló ń dún.

Mo mi ife náà. Kẹ́kẹ́.
Ignacy, etí rẹ kọ́.