Erin Ẹ̀yìn Ẹ̀wù

Oṣù Ògún ni, òjò sinmi.
Kò lọ, ó kàn jókòó sókè,
ó ń wò wá bí ìyá ọkọ tó ń wo ìyàwó tuntun nídìí ààrò.
Ilé ìwé ti gba ìsinmi.
Fìyìn ti gun àga, ó ti gun fèrèsé, ó ti gun èjìká mi,
kò sí ohun tó kù nínú ilé tó lè gùn mọ́.
Ni Ṣówùnmí bá ní,
"Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ gun ohun tí kò lè wó."

Mo di mọ́ínmọ́ín eléwé mẹ́fà, omi ìgò méjì,
ṣòkòtò ìpààrọ̀ kan (abiyamọ mọ ìdí rẹ̀).
A wọ Màrúwá ní Asèrò.
"Ṣé òkúta náà ti jí?"
"Ta ló gbé e síbẹ̀?"
"Ṣé ó máa ń tọ̀ sílé?"
Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa kọjá Ìtòkú.

Ní Olúmọ, ó ń ka àtẹ̀gùn:
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún,
ẹ̀jọ, ẹ̀jọ mìíràn,
ó padà sí ẹ̀ta nítorí ẹ̀ta dùn lẹ́nu rẹ̀.
Alángbá kan mi orí sí i.
Òun náà mi orí padà.
Ìkíni wọn pẹ́.

Ibi tí àpáta méjì ti fẹ́ fẹnu kora,
tí ọ̀nà rí tín-ín-rín,
ni mo bojú wẹ̀yìn tí n kò rí ọkọ mi.
Ó wà nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ òkúta bí ìgbín.
Ṣówùnmí, ọmọ Lísàbí,
tó fi òkúta yìí fọ́nnu fún mi lóde Ìbàdàn
kó tó fẹ́ mi sílé!
"Mi ò gùn ún rí," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré.
"Láti kékeré, ìsàlẹ̀ ni mo máa ń dúró sí,
tí mo máa ń ṣọ́ bàtà àwọn yòókù."

Ọdún mẹ́sàn-án tí a ti fẹ́ra, n kò gbọ́ èyí rí.
Ẹ̀rín dé ọ̀fun mi,
ó padà.

Fìyìn ló sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a,
ìdí ló fi ń wọ́, bí ó ti ń sọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.
Ó na ìka ìlábẹ̀ rẹ̀, epo mọ́ínmọ́ín ṣì wà lára rẹ̀.
"Bàbá mi, ẹ má wolẹ̀.
Erin wà lẹ́yìn ẹ̀wù mi.
Erin ni kẹ́ ẹ máa wò."

Bí erin aláwọ̀ búlúù ṣe fa ọmọ Ẹ̀gbá gòkè nìyẹn,
àtẹ̀gùn kan, ìsinmi kan,
ẹ̀ta, ẹ̀ta, ẹ̀ta.

Lókè, afẹ́fẹ́ ṣí fìlà rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ wá a.
Páànù tó ti dípẹtà nà lọ títí ojú fi kú,
odò Ògùn gba àárín wọn kọjá
bí ojú òòyà láàárín orí ọmọge.
Ògún lórí wa, Ògùn lábẹ́ wa,
ohùn kan péré ló yà wọ́n.
Mo ní, "Fìyìn, wo ọkọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá!"
Kò gbójú sókè.
Èèrà méje ń gbé ẹ̀rún mọ́ínmọ́ín relé,
òun ló ń sìn wọ́n.

Bàbá rẹ̀ ló ń wò.
"Ilé ìyá mi nìyẹn, ní Ìkérékú,
èyí tí igi máńgòrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Wò ó bó ṣe súnmọ́ tó.
Ìsàlẹ̀ ò jẹ́ n mọ̀."

Ẹ̀yìn mi ni Fìyìn sùn sí délé.
Lálẹ́, mo ń fọ aṣọ:
òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta jáde nínú àpò rẹ̀,
ọ̀kan jáde nínú àpò bàbá rẹ̀.
N kò béèrè.
Mo tò wọ́n sójú fèrèsé,
mo yọ ṣòkòtò ìpààrọ̀ nínú báàgì,
gbígbẹ, bí mo ṣe dì í.