Bi Mí

Alẹ́ kẹta rèé tí ìyá àgbà ń pè mí láti orí òkè,
lórí ìlà tó ń ta pàrà bí iyọ̀ nínú iná.
Èmi wà ní Batumi, létí òkun.
Òun wà ní Svaneti, níbi tí yìnyín ti ga dé ojú fèrèsé.
"Tornike, àpótí yín ń ṣẹ́jú sí mi.
Iná kan pọ́n bí ojú ọ̀mùtí."

Mo ní, "Ẹ yọ ọ́ lára iná, Bebo.
Ẹ ka ení, èjì, dé ogún. Ẹ tún un kì bọ̀ ọ́."
"Mo kà á dé ogójì,
kó má baà sọ pé mo kán òun lójú."
Pupa di àwọ̀ ewé. Mo rò pé ó tán.

Kò tán.
Fóònù tuntun tí mo fi ránṣẹ́ sí i
rí orúkọ Wáífáì náà kedere, "Ilé Anzor,"
ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí ajá ń gbó,
ó ń bèèrè: páásíwọ́ọ̀dù dà?

Bàbá àgbà nìkan ló mọ̀ ọ́n,
bàbá àgbà sì ti wà nídìí igi àsálà láti oṣù kẹwàá.
A ti sin kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn.

A dán orúkọ màlúù wò, Tsabla. Ó kọ̀.
Ọjọ́ ìbí mi. Ó kọ̀.
Ọdún tí yìnyín wó òrùlé ilé àgùntàn.
A fi lẹ́tà ńlá síwájú, a fi kékeré.
Nọ́ńbà ìdí àpótí kò wúlò mọ́:
bàbá àgbà pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ká ọmọ Gujejiani
lórí ògiri wa, tó ń wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ ò bi wọ́n nígbà ayé wọn ni?"
"Ẹ̀ẹ̀melòó! Mo ń fún wàrà lọ́wọ́, mo ní,
Anzor, kí ni ọ̀rọ̀ yẹn?
Á ní: Bi mí.
Mo ní: mo ń bi ọ́ náà nìyẹn!
Á ní: Bi mí.
Á bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e.
Ọkùnrin tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí dé etí sàréè."

Mo sọ fún un nípa ihò kékeré ẹ̀yìn ráútà.
Kó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀.
Á gbàgbé ohun gbogbo, á di tuntun.
Iyọ̀ ń ta nínú iná.
"Ohun gbogbo?"
"Ohun gbogbo, Bebo."
"Orúkọ yẹn ńkọ́?"
"Ìyẹn náà á lọ."
"Abẹ́rẹ́ mi ní aṣọ tó ń rán lọ́wọ́," ló wí, ó pa fóònù.

Lálẹ́ òní, ohùn rẹ̀ yàtọ̀.
Ó rí fóònù bàbá àgbà nínú àpò ẹ̀wù tó fi ń da àgùntàn,
gíláàsì rẹ̀ ti là. Ó fi sí ṣájà nítòsí ààrò.
Bó ṣe jí, kò bi ẹnikẹ́ni,
ó wọlé ṣánṣán bí ọmọ onílé.
Ìkíni ọdún tuntun mọ́kànlá ya lu òkú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ tẹ orúkọ Wáífáì náà. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ 'pín' sí.
Kí lẹ rí?"
"Àwòrán kan, bí aṣọ tí ikán jẹ."
"Lábẹ́ rẹ̀?"
"Lẹ́tà wẹ́wẹ́. Dúró kí n wá awò ojú mi."
Mo gbọ́ dúrọ́ọ̀ tó ṣí. Mo gbọ́ ológbò.
"M," ló wí. "K. I. T..."
Ó dákẹ́.

"Bebo?"

"Mkitkhe," ló wí, jẹ́jẹ́.
Bi mí. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀,
kò sí àlàfo, kò sí nọ́ńbà.

"Ọkùnrin yìí," ló wí. "Anzor, ìwọ ọkùnrin yìí..."
kò sì parí rẹ̀.
Mo ń gbọ́ ìka kan ṣoṣo tó ń wá lẹ́tà kiri.
Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yọ sí mi lórí fóònù,
àbí kí n ní iwájú orí rẹ̀, àti àjà ilé tí èéfín ti sọ dúdú.
Ó ní kí n má ṣe sọ ọ́ fún ọmọ Gujejiani.