Ìlà Búlúù Mẹ́ta

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó nínú ọkọ̀ láti Tàmálè,
ibodè mẹ́ta, owó oríṣi mẹ́ta nínú àpò kan.
Tákíé ni wọ́n já mi sí lẹ́yìn òjò kùtùkùtù,
ẹsẹ̀ mi wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi.
Ọlọ́kadà bi mí pé níbo.
Mo dá a lóhùn ní Yorùbá tí bàbá mi kọ́ mi,
ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀kadà fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́:
"Ta ló kọ́ ẹ lédè yìí?
A ti sin àwọn tó ń sọ ọ́ báyẹn."

Mi ò bínú. Ọdún eégún ni mo wá wò, n ò wá jà.

Ní Ìjẹrù, Ìyá Asímáwù tẹ́ ẹní fún mi,
ó wo iwájú orí mi, ó wo ìpàkọ́,
kò sọ nǹkan kan, ó lọ bu omi wá.
Gbádébọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀ ló di amọ̀nà mi.
"Bọ́ sálúbàtà," ó ní. "Ẹni tó bá wọ̀ ọ́
ni àtòrì máa ń kọ́kọ́ bá."
Mo rò pé àwàdà ni.

Ọ̀sán pọ́n. Títì ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà.
Alágbàfọ̀ sá, ó faṣọ sílẹ̀ nínú ọṣẹ,
àwọn ọmọ iléèwé gun igi káṣù,
àwọn géńdé kan sì ń fẹsẹ̀ wọn pe ìyà.
Lọ́dọ̀ àwọn ará ìyá mi, lọ́jọ́ ọdún iná,
ògùṣọ̀ ti fò lórí mi rí, n kò sá.
Ṣùgbọ́n nígbà tí àtòrì fọhùn létí mi,
sálúbàtà kan wọ gọ́tà, èkejì ń bẹ lẹ́sẹ̀,
ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ń ké pe ìyá rẹ̀
ní èdè Dàgbánì, láàárín Ògbómọ̀ṣọ́.
Ó bà mí lójúgun. Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Gbádébọ̀ fẹ̀rín wólẹ̀.

Ìgbà náà ni Agbálẹ̀jó yọ.
Kò sáré. Ẹni tó gbé ìran rù kì í sáré.
Télọ̀ ni mí, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí mo rí:
àrán tó ti ṣá di àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ,
dàmáàsíìkì, àǹkárá tí a kò rí rà mọ́,
ìṣẹ́tí pupa bí eyín ayùn,
abala lórí abala; wọn kì í tú tàná
kí wọ́n tó rán tòní lé e.
Ó yí. Aṣọ gbéra nílẹ̀,
atẹ́gùn rẹ̀ gbá mi lójú, ó ń rùn bíi káfúrà,
lábẹ́ abala keje, tàbí ìkẹjọ,
mo rí òfì funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà búlúù mẹ́ta,
ìkẹta wọ́ díẹ̀.

Ahunṣọ kan ṣoṣo ní ọjà Tàmálè ló máa ń ṣe àṣìṣe yẹn,
ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń gbọ̀n kí n tó dáyé.
Oníbàárà rẹ̀ ni bàbá mi.

Ọdún tí ìjọba Gánà ní kí àlejò máa lọ,
àwọn ará ilé dìgbá, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sórí;
bàbá mi sá pamọ́ sínú àká ọkà àna rẹ̀.
Ó sọ fún mi pé òun fi nǹkan rán wọn sílé.
N kò bi í pé kí ni. Ọmọdé ni mí, ebi ń pa mí.

"Kí lo rí?" ni Gbádébọ̀ wí.
Aṣọ ti wálẹ̀. Ará ọ̀run ti kọjá sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí,
alágbàfọ̀ ti padà sídìí ọṣẹ rẹ̀.

Lálẹ́, Ìyá Asímáwù ń fi òrí pa mí lójúgun.
"Obìnrin ni mí, n kò mọ ohun tó wà lára eégún.
Àmọ́ èmi ni mo gba ẹrù náà lọ́wọ́ onímọ́tò.
Wọ́n ní ti Lásísì ni.
A rò pé yóò tẹ̀ lé e bọ̀."

Àpá náà ṣì pupa ní Kútọnu.
Ní Lómè, mo ká ṣòkòtò, mo rí i pé ó ti ń parẹ́.
Mo yọ ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ lápò,
mo fi tọ ojú ìlà náà.