Bírò Pupa

Ọjọ́rú ni. Ojú ọjọ́ ṣú láti ìhà Kúdẹtì,
pánù òrùlé kíláàsì ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn.
Mo ṣí ìwé ará Amẹ́ríkà náà sí ojú ewé kẹtàdínláàádọ́ta,
ibi tí ọmọbìnrin náà ti sá lóru,
tó fi ẹsẹ̀ lásán la oko òwú kọjá,
tí ajá ń gbó lẹ́yìn rẹ̀,
tí ọ̀gá rẹ̀ sì kúnlẹ̀ nínú ilé,
tó ń dúpẹ́ ìkórè lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Inú bí àwọn ọmọ mi.
Fọlárìn fọwọ́ lu tábìlì: "Irú àdúrà wo nìyẹn?"
Ẹnìkan ṣépè láti ẹ̀yìn, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Mo kọ ọ́ sí pátákó:
Ǹjẹ́ òfin lè sọ ibi di rere?
Mo sọ bí adájọ́ ìlú wọn ṣe fi gègé
ka ènìyàn mọ́ ẹṣin àti ohun èlò oko,
bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pé ọgbọọgba ni gbogbo ènìyàn,
tí tàdáwà kò tíì gbẹ
tí wọ́n tún ń ta ọmọ kúrò lẹ́yìn ìyá.
Ẹ̀kọ́ ń lọ geere. Ohùn ara mi ń dùn mọ́ mi.

Ìgbà náà ni Ẹniayéwù nawọ́,
ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀,
tó máa ń di bírò mú bí ẹni di ọmọ odó mú.
"Tíṣà, ìyá ìyá rẹ̀ tí ìwé ní apá ibí ni wọ́n ti kó o,
kí ó tó wọ ọkọ̀ òyìnbó,
ta ló dì í lókùn dé etí òkun?"

Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò.
Pánù gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi náà mọ̀nà:
agboolé wa ní Fókò, lẹ́yìn kànga,
yàrá kan tí ọ̀dà kì í kàn nígbà tí a bá ń kun ilé.
Ibẹ̀ ni Bàbá Ìyìọlá ń gbé, ẹni ọgọ́rin ọdún,
tó dúró ti àwọn tó gbẹ́ sàréè bàbá mi,
tó mọ oríkì wa ju àwa tí a jogún rẹ̀ lọ.
Bàbá bàbá rẹ̀ bá ogun dé.
Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn: ó bá ogun dé.
Bí ẹni pé ó kàn bá wọn rìn ni,
bí ẹni pé ọrùn rẹ̀ kọ́ ni okùn wà.

Lóṣù tó kọjá, ìjọba sanwó ilẹ̀ tí títì gbà.
Ẹbí pé jọ. Ìwé orúkọ ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́,
mo kà á láti òkè délẹ̀ bí mo ṣe ń ka àròkọ:
orúkọ Bàbá Ìyìọlá kò sí níbẹ̀.
"Ará wa ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "àmọ́..."
Kò parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó parí rẹ̀.
Bàbá náà ló ń ṣí ìgò míńírà fún wa.
Mo fọwọ́ sí i. Bírò pupa ni,
òun ló wà lápò mi.

Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ.
Mo ti fi òwe yìí ṣe ìdánwò rí:
máàkì mẹ́wàá, ẹ túmọ̀ rẹ̀, ẹ fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀.

Aago lù. Mo ní kí wọ́n lọ kọ ọ́ wá láti ilé,
ojú ewé kan péré.
Ẹniayéwù kọ mẹ́rin.
Kò dárúkọ Amẹ́ríkà rárá. Báyìí ló bẹ̀rẹ̀:
"Ní agboolé wa l'Ójèé, yàrá tiwa ló kángun sí ògiri.
Bí wọ́n bá ń kun ilé, ọ̀dà máa ń tán kó tó kàn wá."

Iná ti lọ láti àṣálẹ́. Mo gbé àbẹ́là sún mọ́ ìwé náà,
mo tún kà á, mo tún kà á.
N kò tíì fún un ní máàkì.