Géèjì

Ọ̀gá mi Bámiṣilẹ̀, fọganáísà ìkóríta Ìlúpéjú,
ẹni tó lè fi àtàǹpàkò tẹ táyà
kó sọ fún ọ pé, "Èyí ò ju ogún lọ,"
òun ló bi ẹ̀jẹ̀ sínú báàfù
tá a fi ń wá ibi tí tíúbù ti ń jò.
Mo kọ́kọ́ rò pé ọṣẹ ló ń hó.
Pupa ni.
Lẹ́ẹ̀kejì, dúdú, bíi gírísì ìsàlẹ̀ agolo.

Kí a tó gbé e dé Ìdó, àdúgbò ti dá ẹjọ́ tán:
ògógóró ni. Rárá, wọ́n fún un jẹ ni.
Ọ̀gá tí kì í mu ju míńírà lọ,
tí ojú rẹ̀ rí bí epo tuntun láti ìgbà ọdún iṣu,
tá a ní ibà lásán ni.

Okùn kan wà ní yàrá ìsàlẹ̀, dúdú, gígùn,
ó lójú, ó níná lórí.
Wọ́n fọ́n nǹkan kíkorò sí i lọ́fun,
wọ́n fi ike há a lẹ́nu,
wọ́n ní kó gbé okùn mì,
ẹni tí kì í lè gbé oògùn ibà mì láìsí ẹ̀kọ!
Nọ́ọ̀sì ní kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo rí i lójú amóhùnmáwòrán:
ọ̀nà ọ̀fun ọ̀gá mi,
àwọn iṣan ibẹ̀ wú, wọ́n lọ́ bí ekòló lẹ́yìn òjò.
Dókítà Adéfọlálù ò gbójú kúrò níbẹ̀.
"Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti gan," ó ní.
"Àrùn tó wọ̀ ọ́ láti kékeré, tí kò pariwo.
Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gba ibẹ̀ kọjá ò rọ́nà,
ó wá ń ti ibi tó fẹ́lẹ́."
Mo ní, "Bíi tíúbù tó yọ gẹ̀gẹ̀."
Ìgbà náà ló tó wojú mi. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Ó fa iṣan kan wọ ẹnu okùn,
ó ju rọ́bà róbótó sí i lọ́rùn,
kò tó òrùka ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
Pà.
Òmíràn. Pà.
Rọ́bà! Ohun tí èmi àti ọ̀gá ń gé lára òkú tíúbù
fún ọlọ́kadà láti fi di ẹrù.
Ní ìkẹrin, ó di ọwọ́ mi pinpin.

Lọ́jọ́ kejì, abẹ́rẹ́ ikùn:
lítà mẹ́fà omi, àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì.
Ikùn rọ̀ bí táyà tí wọ́n yọ fáàfù rẹ̀.
"Ṣé mo lè lọ sí ulé?" Ulé ló pè é,
bí ìyá rẹ̀ ti máa ń pè é.
N kò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Mo bèèrè géèjì.
Báwo lẹ ṣe ń mọ iye tó wà níbẹ̀?
Dókítà ní, a máa ń gba iṣan ọrùn wọlé,
a ó gba inú ọkàn kọjá, a ó wọ ẹ̀dọ̀, a ó wọ̀n ọ́n;
bó bá ti tó méjìlá, ó lè bẹ́.
Àbùjá tún wà, ọ̀pá wáyà kékeré
tí wọ́n ń tì bọ àárín ẹ̀dọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá.
"Ṣùgbọ́n kò sí níhìn-ín."
Ó dárúkọ ìlú tó wà. Ó dárúkọ owó.
Wọ́n ní àbùjá ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ.
Ó wà nínú ẹ̀dọ̀. Owó rẹ̀ ni kò sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta la ń padà lọ gbé okùn mì.
Ọ̀gá ò gbé jáàkì mọ́.
Lánàá, awakọ̀ kan ní, "Fi kún un, Lọ́kọ́ja ni mò ń lọ."
Ọ̀gá gba géèjì lọ́wọ́ mi, ó kì í bọ fáàfù,
ó wò ó pẹ́.
Ó tẹ ibẹ̀, atẹ́gùn jáde díẹ̀, ṣíì.
"Ó tó," ó ní. "Ó ti tó o."