Akúnlẹ̀

Píjò ni gbogbo ayé mọ̀.
Dárúkọ ọkọ̀ Faransé l'Ókélele,
wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka Píjò fún ọ:
èyí tó gbé ìyàwó wá, èyí tó gbé òkú lọ,
èyí tí wọ́n tà kí ọmọ lè wọ yunifásítì.
Tiwa kì í ṣe Píjò.
Sitirówẹ̀n ni. Kò sẹ́ni tó rí orúkọ náà pè délé,
làwọn ọmọ àdúgbò bá sọ ọ́ ní Ọ̀pọ̀lọ́,
nítorí imú tó tẹ́, ojú tó yọ.

Bàbá wa Núhù, wolé-wolé,
rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó wá wọn odò Aṣà,
tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé.
Owó páànù ló kó lé e.
Òjò ọdún yẹn, inú ọkọ̀ la sùn,
àfi Ìyá Rékíyà, tó ká ẹní rẹ̀ lọ sílé wọn ní Pàkátà.

Bí Bàbá bá pa á lálẹ́, á mí kanlẹ̀,
á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀
títí ikùn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yanrìn.
Láàárọ̀, tó bá ti gbaná,
ìdí ló ń kọ́kọ́ gbé kó tó gbórí,
bíi ràkúnmí.
Bàbá á dúró tì í, kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́:
"A kì í gun ẹni tó wà ní sùjúúdù."
Ìyá Rékíyà ní irọ́ ni, kì í ṣe ìrun ló ń kí.
"Èyí tó ń kúnlẹ̀ kí yín láràárọ̀,
kí ló fi yàtọ̀ sí orogún?"
Ọdún méjìdínlógún, kò fìdí kan àga rẹ̀.

Kò mọ ohun tó pàdánù.
Bíréèkì rẹ̀ kò ní pẹ́dà,
olú kékeré kan ló hù nílẹ̀, o kàn máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.
Sítíárìn rẹ̀, apá kan péré.
Kó tó yà ní kọ́nà, iná rẹ̀ á ti wo ọ̀hún ná,
bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn.

Lóru ọjọ́ kan, à ń ti Ajàṣẹ́ bọ̀,
táyà ẹ̀yìn bẹ́ lẹ́bàá Ìdọ̀fián.
Kò sí sìpíà.
Bàbá fa ọ̀pá kan sókè,
ọkọ̀ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún,
ó fi mẹ́ta tó kù rọra rìn wálé.
Àwọn ọlọ́dẹ Gáámọ̀ tó rí wa
búra títí ilẹ̀ fi mọ́ pé ajá ni.

Àwọn mẹkáníìkì Táíwò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
wọ́n rí páìpù bí ìfun, wọ́n pa á dé,
wọ́n ní ẹ kú ìnáwó.
Bùúbé nìkan, tó ti bá katapílà ṣiṣẹ́ rí,
ló na ìka sí bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀, tó rí rodo bí adó:
"Òróró àti afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ nìyẹn."

Bàbá kú.
Ọkọ̀ rọlẹ̀ lábẹ́ dóńgóyárò, kò dìde mọ́.
Adìẹ pa ọmọ sí búùtù.
Àwọn onírin àlòkù gbé òṣùwọ̀n wá lẹ́ẹ̀mẹta,
wọ́n ní kílò làwọn ń rà.
Ìyá Rékíyà ló yọ ọmọrogùn sí wọn:
"Orogún mi lẹ fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n?"

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ fa Bùúbé lọ́wọ́ wá.
Kò ríran mọ́. Ọwọ́ ló fi wò ó,
láti páìpù dé páìpù, bí ẹni ń wá iṣan ọmọ ìkókó.
A yá bátìrì lára kẹ̀kẹ́ Màrúwá,
a bu òróró sí i.
Ó wúkọ́, ó wúkọ́,
adìẹ fò jáde,
ìdí gbéra.
Orí pẹ́ díẹ̀. Bùúbé ní ká má pariwo.
Orí náà gbéra.

Ìyá Rékíyà bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀,
ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sẹ́yìn, ó tún ìró rẹ̀ ró.
A ò tíì ní táyà.
Kò béèrè.